Iye Owó Wo Ló Tọ́ sí Ẹni Tó Ń Fọ Ọkọ̀ Mọ́ Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Àjàṣẹ́, a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ ọdẹ ni ó ń ṣe lóru ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ bá ti dé, kì í lọ sùn. Garawa ni ó ń gbé, a sì máa fọ ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ọkọ̀ ọjọ́ náà ti ibi ìsìnkú kan bọ̀ lọ́nà Kétu. Eruku pupa bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, gàrí sì dà sílẹ̀ lábẹ́ àwọn ìjókòó rẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ọmọkùnrin yìí lò nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ọkọ̀ náà ń dán bíi dígí. Ẹni tó ni ín dé, ó yí i po, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na 500 sẹ́fà sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò tó," ni ọmọ náà wí.

"Èló ni o dá lé e kí o tó bẹ̀rẹ̀?" ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Kò dá iye kankan lé e. Ohun tó sọ nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ dé ni pé, "Ohun tí ẹ bá ní lọ́kàn, ẹ fún mi." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba owó náà, ó ní ẹ ṣé, ó sì palẹ̀ garawa rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Láti Kútọnu dé Ṣábẹ, àwọn tó ń fi ọkọ̀ fífọ kún iṣẹ́ wọn kò kéré: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá owó ilé-ìwé, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í tó parí oṣù, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba òmìnira, ẹni tó ń fi alùpùpù ṣe zémidjan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò mọ iye tó yẹ kí wọ́n gbà. Ojú ń tì wọ́n láti dárúkọ owó níwájú àgbà. Wọ́n rò pé ìwà ọmọlúàbí ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà kì í sọ fún àgbà pé kó san ohun tó bá wù ú. Iye ni ó ń dárúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn mìíràn a sì máa sọ pé, "Mo ṣáà ní iṣẹ́ mìíràn. Ohunkóhun tí mo bá rí nídìí ọkọ̀ fífọ, èrè ni." Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí ìwọ̀n.

Ẹ mú bíírò àti ìwé. Ká sọ pé ọkọ̀ kékeré kan ni a fẹ́ fọ, tinú tòde, a sì ní láti wọ zémidjan lọ bá a nílé olówó rẹ̀. Ká sọ pé garawa omi mẹ́jọ ni yóò gbà, àti pé 25 sẹ́fà ni wọ́n ń ta garawa kan: omi di 200 sẹ́fà. Ọṣẹ, 150. Ìpara tí a fi ń dán ara ìjókòó àti iwájú ọkọ̀, 200. Kànìnkànìn, búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbó lójoojúmọ́: ẹ kọ 100 sílẹ̀ fún wọn. Zémidjan ní àlọ àti àbọ̀, 400. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 1050 sẹ́fà. Bí ẹnì kan bá wá ń gba 1000 sẹ́fà lórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 50 sẹ́fà ni ó fi tọrẹ nínú àpò ara rẹ̀, yàtọ̀ sí agbára rẹ̀ tó lò. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni ó ń fi fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Àpẹẹrẹ ni a ṣe o. Omi adúgbò yín lè wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń rìn dé ibi iṣẹ́. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tiwa. Ọdẹ tí a rí ní Àjàṣẹ́ kò wọ zémidjan, nítorí náà ẹ yọ 400 kúrò nínú tirẹ̀, yóò ku 650. Bí ìṣirò wa bá bá tirẹ̀ mu, 500 tí wọ́n nà sí i kò tó owó omi, ọṣẹ àti ìpara tó lò.

Ohun kan wà tí a kò tíì kà: wákàtí ènìyàn. Èló ni wákàtí kan? Ìbéèrè yìí máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n òfin ti ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí a lè san fún òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SMIG lédè Faransé, jẹ́ 52000 sẹ́fà. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ tí òfin là kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, nítorí náà wákàtí 2080 ni iṣẹ́ ọdún kan. Ẹ pín in sí oṣù 12, yóò jẹ́ nǹkan bíi 173 lóṣù kan. Ẹ wá pín 52000 sí 173, ẹ óò rí i pé wákàtí kan jẹ́ 300 sẹ́fà.

300 sẹ́fà yìí ni ilẹ̀ tí a dúró lé. Kì í ṣe òrùlé. Ẹni tó ń gba owó oṣù kì í gbé ọṣẹ lọ sí ibi iṣẹ́, kì í ra garawa, òjò kì í sì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, bí òjò oṣù Kẹfà bá ṣú, ọjọ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ bá gba wákàtí méjì, ẹ fi 600 kún 1050: ó di 1650. Ẹni tó bá wá dá 2000 lé e kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Díẹ̀ tó lé yẹn ni yóò fi ra garawa tuntun nígbà tí ti ìsinsìnyí bá fọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, bí àwọn bá dárúkọ 2000, ọlọ́kọ̀ yóò lọ sí ibi ìfọkọ̀ ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "lavage". Ó lè lọ lóòótọ́. Ẹ wo ẹni tó wà ní "lavage" yẹn náà. Ó ń san owó ilẹ̀. Ó ń san owó omi fún SONEB àti owó iná fún SBEE. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Iṣẹ́ yìí nìkan ni ó fi ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí ẹni tó ní owó oṣù níbòmíràn bá wá dúró ní òpin òpópónà kan náà, tó ń fọ ọkọ̀ ní ìdajì iye tirẹ̀, oúnjẹ ilé ẹlòmíràn ni ó ń dà nù, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí i jẹ. A kò sọ pé kí iye àwọn méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí kò san owó ilẹ̀ lè dín tirẹ̀ kù díẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí a ń bá wí ni iye tí kò ní ìṣirò nínú.

Ẹ̀dínwó náà ní ibi tí ó ti yẹ kó wá. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá kó ọkọ̀ mẹ́ta jọ síbì kan, owó zémidjan tó jẹ́ 400 ti pín sí mẹ́ta. Ẹ lè yọ 250 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láìpàdánù ohunkóhun. Bí awakọ̀ takisí tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Kútọnu bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kì í dọ̀tí púpọ̀ mọ́, wákàtí tí yóò gbà yóò sì dín kù. Ẹ dín owó kù níbi tí iṣẹ́ ti dín kù, kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan kígbe mọ́ yín.

Ọkọ̀ kò sì rí bákan náà. Ẹni tó bá ní iye kan ṣoṣo fún gbogbo ọkọ̀ yóò kábàámọ̀ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí àgbò méjì sùn sí nínú wá bá a. Ọkọ̀ tó ti gbé ẹja kò jọ èyí tó gbé aṣọ. Èyí tó sì burú jù ni ọkọ̀ tó fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo "kpayo" láti ẹnubodè, tí epo náà sì dà sórí ìjókòó. Òórùn rẹ̀ kì í lọ lọ́jọ́ kan, ó sì lè gbiná. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wò ó tinú tòde kí ẹ tó lanu dá iye lé e. Bí ó bá ju agbára yín lọ, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì. Omi kò bá àwọn wáyà ọkọ̀ òde òní rẹ́. Bí ẹ bá ba ọkọ̀ kan jẹ́ nítorí 500 sẹ́fà tí wọ́n fi kún un fún yín, owó ọdún kan lè má tó o tún ṣe.

Ìwọ̀n ọkọ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi dá iye, kì í ṣe ojú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. A ti rí ẹni tó fọ ọkọ̀ ní 1500 fún ará àdúgbò, tó sì sọ pé 5000 ni irú ọkọ̀ kan náà nígbà tó rí i pé àlejò láti òkè òkun ló wà á wá. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ipò wa rẹ́ wa jẹ, kí àwa náà má fi aṣọ ẹlòmíràn rẹ́ ẹ jẹ.

Níbi yìí ni ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yóò ti wúlò fún yín. Ẹ wá pákó kékeré kan, ẹ kọ iye yín sí i gàdàgbà: òde nìkan, èló, tinú tòde, èló, ọkọ̀ ńlá, èló. Ẹ gbé e sí ibi tí ojú ń tó. Pákó kì í tijú. Àgbà tó bá kà á kò ní sọ pé ọmọdé kan fi ojú di òun. Ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ óò máa kọ ọjọ́, ọkọ̀, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, àti bóyá wọ́n ti san án. Àwọn tó ń sọ pé "yóò di òpin oṣù" pọ̀, orí nìkan kò sì lè mú gbogbo wọn. Kí ẹ tó da omi sára ọkọ̀, ẹ pe ẹni tó ni ín, kí ẹ jọ wo ara rẹ̀. Ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tàbí fóònù tó bá wà nínú rẹ̀, kí ó kó o lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, a kò gbàgbé yín. Ọjà níná wà nínú àṣà wa, àwa tí a ń kọ èyí náà a máa ná ọjà títí ojú yóò fi tì wá. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni à ń ná an. Ẹni tó dákẹ́ nígbà tí ọmọ ń pọn omi, tó wá ń ná an nígbà tí ọkọ̀ ti ń dán, kò ná ọjà rárá. Bí ọmọ náà bá sì sọ fún yín pé ohun tó wà lọ́kàn yín ni kí ẹ san, ẹ má gbà fún un. Ẹ ní kí ó dárúkọ iye.

Oṣù díẹ̀ ló kù kí ọyẹ́ dé. Nígbà náà, eruku yóò bo gbogbo ọkọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, iṣẹ́ yóò sì pọ̀ fún gbogbo ẹni tó ní garawa. Bí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní àdúgbò kan, àwọn ti "lavage" àti àwọn ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, bá lè jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan kí ìgbà náà tó dé, kí wọ́n jọ ṣírò iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè gbà dín kù láìfi owó ara rẹ̀ ṣòfò, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ti tó. Kí wọ́n mú bíírò kan àti ìwé kan lọ́wọ́, kí wọ́n sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ yẹn náà kí ó tó bọ́ sí iṣẹ́ òru.