Ta Ló Ṣí Ọ̀nà fún Ladysmith Black Mambazo?

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òyìnbó, tí àwa náà sì ti ń sọ báyìí: pé Paul Simon ló sọ Ladysmith Black Mambazo di èèyàn. Èmi ò gbà.

Nígbà tí Simon dé Johannesburg ní 1985, ó ti lé ní ogún ọdún tí Joseph Shabalala ti ń darí ẹgbẹ́ yìí. Ladysmith ni ìlú rẹ̀ nílẹ̀ Zulu. Black dúró fún màlúù dúdú tó lágbára jù lóko. Mambazo ni àáké, torí wọ́n ń gé àwọn ẹgbẹ́ akọrin yòókù lulẹ̀ níbi ìdíje. Wọ́n borí títí wọ́n fi ní kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni díje mọ́, kí wọ́n kàn máa wá kọrin. Rédíò gbé wọn sáfẹ́fẹ́ ní 1970, wọ́n sì ṣe àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Amabutho, ní 1973. Ó tà wìtìwìtì, ó gba àmì wúrà. Simon ò tíì mọ̀ wọ́n nígbà yẹn o.

Láìsí gìtá, láìsí ìlù, ohùn ọkùnrin lásán! Fún àwa tí a kì í jó láìgbọ́ gángan, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn tó fi abúlé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nínú ibi ìwakùsà ló fi orin yìí pa ìrònú rẹ́. Wọ́n kó wọn sínú ilé tí kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ. Bó bá di alẹ́ Sátidé, wọ́n á kọrin, wọ́n á máa yọ́ jó kí ẹ̀ṣọ́ má baà gbọ́. Isicathamiya ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kéèyàn máa yọ́ rìn. Bẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n ju ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n wá gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ló ti wá.

Lóòótọ́, Graceland ní 1986 ló jẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n. Ariyanjiyan pọ̀ nígbà náà, torí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí olórin má bá Gúúsù Áfíríkà ṣe, inú àwọn ANC ò sì dùn sí Simon. Lójú tèmi, òfin yẹn dára, àmọ́ ó fẹ́ pa ẹnu ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà dé mọ́ ti ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé orúkọ Shabalala wà lára orin Homeless pé òun àti Simon ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ẹ fi wé Solomon Linda, ọmọ Zulu bíi tirẹ̀, tó gbé Mbube jáde ní 1939. Ṣílè 10 ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó sọ ọ́ di The Lion Sleeps Tonight, fíìmù The Lion King lò ó ní 1994, Linda sì ti kú sínú òṣì láti 1962. Ọdún 2006 ni ẹjọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó yọrí sí àdéhùn owó.

Ọ̀nà Mambazo náà ò tẹ́jú o. Wọ́n gba Grammy ní 1988, ó di márùn-ún ní 2018. Wọ́n bá Mandela lọ sí Oslo ní 1993. Ṣùgbọ́n ní 1991, ẹ̀ṣọ́ aláwọ̀ funfun kan yìnbọn pa Headman, àbúrò Joseph. Joseph fúnra rẹ̀ kú ní February 2020, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Àwa ńkọ́? A ó sanwó ọkọ̀ òfuurufú fún olórin láti ilé, a ó ná an lówó lójú agbo, ẹnìkan á ká gbogbo eré náà sílẹ̀, á gbé e sórí YouTube, owó á máa wọlé fún un. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń múra òde ìparí ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ìwé àdéhùn fún onílù yín ní èṣí?