PÁKÓ TÍ A TÚ LÁRA ILÉ KÌ Í ṢE IGI ÌDÁNÁ

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé pákó, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn, láti Mákòko dé àwọn ìlú Ìlàjẹ tó wà létí omi: “Ẹ já a dànù, ẹ ra tuntun. Pákó àtijọ́ ti kú.” Káfíńtà ń sọ ọ́, onílé ń gbà á gbọ́, ẹni tó ń ta pákó kò sì ní bá wọn jiyàn. Mo ní irọ́ ni. Ó ń gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ó sì ń sọ igi tó dára jù lára ilé wọn di eérú.

Ọjọ́ orí kì í pa igi. Omi tó dúró sí i lára ló ń pa á, àti ikán. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ibi gbígbẹ ló wà, kò jẹrà.

Ẹ wá wo pákó tí ẹ ń pè ní òkú dáadáa. Orí rẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ojú tí ayùn gé ni omi ń gbà wọlé. Ẹ fi ṣóńṣó ìṣó gún un. Ibi tó bá rì, ẹ gé e kúrò. Ibi tó bá kọ ìṣó, igi ni. Pákó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá tí orí rẹ̀ jẹrà lè fún yín ní mẹ́sàn-án tó le, ìyẹn á sì bo abẹ́ fèrèsé. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ nìkan ni mi ò ní bá yín jà lé lórí.

Tuntun tí ẹ ń sáré rà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pákó ọjà ni omi igi kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ara ògiri yín ni yóò ti gbẹ: á súnkì, á lọ́, á fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Pákó àtijọ́ ti súnkì tán. Irú igi sì tún wà níbẹ̀. Ọkàn ìrókò tàbí apá kì í tètè jẹrà, ikán pàápàá kì í fẹ́ ẹ. Arère kò ní irú agbára yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni funfun tó wà lábẹ́ èèpo ìrókò. Ẹni tó bá yọ ọkàn ìrókò tó fi arère rọ́pò rẹ̀ ti sanwó láti ba ilé ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn káfíńtà á ní pákó máa ń ya bí a bá ń tú u. Ó máa ń ya lóòótọ́, bí ẹ bá fi agbára já a. Bí pákó òkè bá gun ti ìsàlẹ̀, òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ gbé e díẹ̀díẹ̀ nídìí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ìṣó tó ti dípẹtà, ẹ ki abẹ ayùn irin bọ ẹ̀yìn pákó, kí ẹ gé e. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ti fa ìyókù ìṣó jáde, kí ojú pákó má baà fọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Kí ẹ tó kàn án padà, ẹ fi ọ̀dà pa orí tí ẹ gé. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Káfíńtà tí wọ́n ń sanwó kíkàn nìkan fún kò ní ìdí kankan tí yóò fi rọra tú u.

Bí ẹ ṣe ń fi pákó tí ẹ tú dáná gan-an ló ń dùn mí jù. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé ní 1978. Iná kì í pa òjé: á bá èéfín lọ sí imú ẹni tó ń dáná, ìyókù á wà nínú eérú tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ kó. Nítorí náà, pákó ọlọ́dà tó jẹrà pátápátá pàápàá, ẹ má kì í sábẹ́ ìkòkò. Bí ẹ bá sì fẹ́ ha ọ̀dà kúrò lára èyí tó dára, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ, kí ọmọdé kankan má sì sún mọ́ ibẹ̀ títí ẹ ó fi kó gbogbo èérún rẹ̀, tí ẹ ó sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀.