Ìṣirò Bẹ̀rẹ̀ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe wí pé ẹ kò mọ̀wé, kí ẹ fi ìṣirò ọmọ sílẹ̀ fún tísà nìkan. Ẹni tí ó ń ta ata ní Ọjà'ba ń ṣírò láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò 12 ni ó ní. Kí ọmọ ka ọmọ ayò 4 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ó kà á: 48 ni yóò bá. Ìsọdipúpọ̀ nìyẹn.

Kí ó ka 20, kí ó yọ 5 kúrò: ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ náà ti sọ ọ́: márùn-ún dín nínú ogún.

Bí ó bá ṣì í kà, ẹ má nà án; ẹ ní kí ó tún un kà. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù ìṣirò ni wọn yóò rẹ́ jẹ nídìí ṣéńjì lọ́la.