Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Bá Di Ọmọ Iṣẹ́

Láti ọwọ́ Ọmọ Afijio, Jobele

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìbàdàn, tí ó dojú kọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, ìlú ọmọ Àtìbà, kò lè ṣàì rí àwọn ìyá tí ń to ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí etí títì ní Fìdítì. Bí ó bá sì yà kúrò lójú títì díẹ̀, yálà ní agbègbè Ìlọrà tàbí ní Jobele tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, kò lè ṣàì rí oko pákí. Pákí ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn mìíràn, gbágùúdá ni ó sì ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni: afabẹ́-ilẹ̀-gbélé-ró, abọ́-olówó-bọ́-mẹ̀kúnnù, tí ó di gàrí, tí ó di láfún, tí ó di fùfú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ sínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ tí tọmọdé tàgbà ń jùmọ̀ kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò kọ́kọ́ bá ìbéèrè kan pàdé tí wọn kò kọ́ ọ ní yunifásítì: èwo nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni yóò jókòó sí orí ojúewé, èwo ni yóò sì dúró sí ìsàlẹ̀ bí ìnagijẹ? Yàrá àyẹ̀wò kò ní ìdáhùn rẹ̀. Ó di dandan kí ó bá àwọn ẹlòmíràn jókòó sọ ọ́.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó bá fẹ́ kọ̀wé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé bí ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe bí ọ̀gá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an ni ìwé náà ń wá. Àti pé bí ó bá fi ìbínú kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àwọn tí ń ka èdè Yorùbá ni yóò san gbèsè ìbínú náà.

Jimmy Wales àti Larry Sanger ni wọ́n dá Wikipedia sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2001. Èdè àwọn ará erékùṣù Hawaii ni wiki tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kíákíá, Ward Cunningham, tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ irú ojúewé tí ẹni tí ń kà á lè tún ṣe, ní ọdún 1995. Ọdún 2002 ni ti èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àpilẹ̀kọ inú ti Gẹ̀ẹ́sì ti ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ti Yorùbá ju 30,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ju ìlà mélòó kan lọ. A kì í san owó fún ẹni tí ń kọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà níbẹ̀, àjẹjẹ́ ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí.

Ká mú obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Jobele, tí ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nípa kòkòrò tí ń ba irè oko jẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ṣí ojúewé pákí, ó rí i pé ó tín-ín-rín bí ẹni tí ebi ń pa, àánú ṣe é, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin láti inú orí ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ òtítọ́, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì. Kí ó tó jẹun alẹ́ tán, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí, tí kò fi orúkọ bàbá rẹ̀ hàn, ti yọ ọ́ kúrò, ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ìtàn ojúewé náà: kò sí ìtọ́kasí. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí inú kì yóò bí? Ẹni tí ó lo ọdún mẹ́wàá lórí kòkòrò kan, tí ọmọ tí kò dá kòkòrò náà mọ̀ yàtọ̀ sí eṣinṣin wá pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́!

Síbẹ̀, ẹni tí ó yọ ọ́ kúrò jàre. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí obìnrin yìí kò tíì rí ni pé ìwé ìmọ̀ àpapọ̀ kì í béèrè pé ta ni ọ́, ibi tí o ti rí i ni ó ń béèrè. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ rí ni wọ́n ń yìn ín fún. Níhìn-ín, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ, tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, tí ẹlòmíràn lè ṣí wò, ni a ń gbà. Òǹkàwé tí ó wà ní Kétu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè rí ìwé ẹ̀rí tí ó gbé kọ́ ara ògiri, kò sì lè mọ̀ bóyá ọ̀mọ̀wé ni tàbí gbájú-ẹ̀ tí ó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtọ́kasí nìkan ni òǹkàwé lè dì mú. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ẹni tí ó ti ń tún ojúewé ṣe láti ọdún pípẹ́ ti rí irọ́ tí ó fara jọ òtítọ́ àti òtítọ́ tí ó fara jọ irọ́, àkísà rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí oyè yunifásítì tí ń fúnni ní irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ òfin mẹ́wàá fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó fẹ́ kọ̀wé sínú Wikipedia, nínú ìwé àtìgbàdégbà PLoS Computational Biology ní ọdún 2010, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí onímọ̀ fúnni ní ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ipò rẹ̀ jiyàn. Òmíràn ni pé kí ó má ṣe máa polongo ara rẹ̀. Ìdẹwò kejì yìí lágbára ju bí a ti rò lọ, nítorí ìwé tí ènìyàn máa ń rántí kọ́kọ́ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Irú iṣẹ́ àtúnṣe báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Jobele, ni Àlùfáà Samuel Johnson ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn nígbà tí ó parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1897, lẹ́yìn tí ó ti jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin àti àwọn àgbà tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì fojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, dókítà sì ni Obadiah, oníṣègùn tí ó gboyè ní Edinburgh, ẹni sáyẹ́ǹsì pátápátá. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí ó dé bá a: kì í ṣe kí ó kọ ohun tí òun rò, bí kò ṣe kí ó ṣa àjákù ìwé àti àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, kí ó tò wọ́n, kí ó sì mọ ibi tí ohùn ẹ̀gbọ́n parí sí kí tirẹ̀ má baà gorí rẹ̀. Nígbà tí ó tún fi èyí ránṣẹ́ ní àkókò ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pẹ́ kí ìwé náà tó kúrò níbẹ̀. Ọdún 1921 ni a tẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni ó wà níwájú, Obadiah sì fara mọ́ ipò olótùú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ìwà tí ó yẹ ẹni tí ń tún ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ṣe, kò ní láti wò ré kọjá Obadiah Johnson. Lónìí, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ojúewé Wikipedia ni a ń fi èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ pamọ́, tòun ti ọjọ́ àti wákàtí. Ìpínrọ̀ mẹ́rin tí wọ́n yọ kúrò lójúewé pákí kò sọnù, ó wà nínú ìtàn ojúewé níbi tí ẹni tí ó ni ín lè lọ gbé e. Johnson kò rí irú oore bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé òfin ìtọ́kasí ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn tí ìmọ̀ wọn wà lẹ́nu àgbà, tí kò sí nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Ìyá àgbà kan ní Jobele lè fọwọ́ tẹ pákí tí a rẹ sómi kí ó sì mọ̀ bóyá ó ti tó fún láfún, kò sì sí ìwé kan tí a lè tọ́ka sí fún ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn kan ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà gbìyànjú láti gba ohùn irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí a lè lò ó bí ìtọ́kasí, iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fífọ́ òfin ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tí ó lè tọ ìyá yìí lọ, tí ó lè wọn ìwọ̀n omi àti ọjọ́ tí ó fi rẹ ẹ́, tí ó sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní orúkọ rere, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ni. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn yóò rí ohun tọ́ka sí. Ohun tí Johnson ṣe fún àwọn arọ́kin nìyẹn.

Kò sì yẹ kí a dá ẹ̀bi fún àlejò nìkan. Ní ọdún 2018, ẹnìkan kọ àpilẹ̀kọ nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ní Kánádà. Wọ́n dá a padà pé ìtọ́kasí rẹ̀ kò fi hàn pé ó lókìkí tó. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel, kò sì sí ojúewé kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹnubodè kò gbọdọ̀ fi kùmọ̀ pa ẹni tí ó mú ẹrù rere wá. Wikipedia fúnra rẹ̀ ní ìlànà pé kí wọ́n má ṣe bu àwọn àlejò jẹ, ó sì yẹ kí àwọn tí ó ti dàgbà nínú ìwé ti Yorùbá, tí wọn kò pọ̀, máa kà á léraléra.

Èdè ni ìdíwọ́ tí ó ga jù. Onímọ̀ tí ó kọ́ gbogbo ohun tí ó mọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé Yorùbá kò lè gba sáyẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà sí Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1973, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pákí run, ó ṣeé ṣàlàyé ní Yorùbá: ó funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun lé e lórí, ó sì ń fa omi ọ̀mùnú ewé títí ewé yóò fi ká kò. Ìbàdàn sì ni, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ni onímọ̀ nípa kòkòrò, Hans Herren, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú agbọ́n kékeré kan tí a mú láti Paraguay sílẹ̀ ní 1981, agbọ́n náà sì ṣẹ́gun kòkòrò yìí káàkiri Áfíríkà; ní 1995 Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé nítorí rẹ̀. Ó dunni pé ọmọ Afijio tí ń jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ kò ní gbọ́ ìtàn yìí ní èdè ìyá rẹ̀, àfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá jókòó kọ ọ́.

Nítorí náà, ká ní obìnrin wa padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí inú rẹ̀ ti rọ̀. Ó lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀, níbi tí àwọn tí ń tún àpilẹ̀kọ ṣe ti ń jíròrò, ó béèrè nípa orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi àmì ~ mẹ́rin sí ìparí kí orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ lè jáde. Ó kọ gbólóhùn kan péré nípa agbọ́n ará Paraguay, ó sì fi ìwé tí ẹlòmíràn kọ ṣe ìtọ́kasí rẹ̀. Kò sí àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí náà agbon ni ó tẹ̀, èyí tí ó lè jẹ́ apẹ̀rẹ̀, tí ó lè jẹ́ èso tí a máa ń fọ́ mu omi inú rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di òwúrọ̀, gbólóhùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹnìkan tí kò mọ ohunkóhun nípa kòkòrò sì ti fi àmì sí i: agbọ́n.