Lọ́fíńdà Ọkùnrin ní Sábó: Ẹ Pè É ní Orúkọ Tí Ó Ń Jẹ́

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀yin oníṣòwò Sábó ti Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kéré lójú, nítorí ìgò rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n owó tí ń bá a lọ kò kéré, ìbúra tí a sì fi ń tà á kò kéré rárá. Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà àwọn ọkùnrin ni, òróró tí a fi ń ra ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí kí a tó wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Sábó yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkékúrú Sabon Gari ni orúkọ náà, èyí tí í ṣe ìlú titun ní èdè Haúsá, ibẹ̀ sì ni a ti ń rí ẹrù Òkè Ọya àti ẹrù ilẹ̀ Lárúbáwá rà láti ayé àwọn bàbá wa. Kódà, ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní tùràrí yìí, lọ́wọ́ àwọn Haúsá ni a ti yá a. Turare ni tiwọn. Lọ́fíńdà ní tirẹ̀ ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá, láti ara orúkọ òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní lavender. Ohun kan náà gba ọ̀nà àríwá wọlé, ó tún gba ọ̀nà òkun wọlé, a sì fi orúkọ méjèèjì gbà á lálejò.

Oríṣiríṣi lọ́fíńdà ni ó wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ mi dá lé ni èyí tí ó móoru lára, tí ó ń ta imú díẹ̀ bí kànáfùrù, tí òórùn òdòdó sì wà láàrin rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń yọ ṣùtì sí i, pé ọkùnrin wo ni í fi òdòdó para. Ẹ má dá wọn lóhùn. Káábà tí ó wà ní Mẹ́kà, omi Zamzam àti omi òdòdó róòsì ni a fi ń wẹ inú rẹ̀, òróró róòsì àti úùdù ni a sì fi ń ra ògiri rẹ̀. Èyí tí ó yẹ Káábà, ṣé kò wá ní yẹ ọkùnrin ni? Pẹ̀lúpẹ̀lù, òdòdó àti kànáfùrù kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ohun tí ó wà nínú kànáfùrù tí ó fi ń ta, tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń dẹ ìrora eyín, eugenol ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Díẹ̀ nínú ohun kan náà wà nínú òróró róòsì. Ẹbí ni wọ́n, kí ènìyàn tó pò wọ́n pọ̀.

Nínú ẹ̀sìn wa, òórùn dídùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán. A gbọ́ nínú hàdíìsì pé ó wà lára ohun ayé tí a mú kí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ràn. Ẹni tí ń lọ sí Jímọ̀, a ní kí ó wẹ̀, kí ó fi pákò nu eyín, kí ó sì fi òórùn dídùn sára bí ó bá ní. Ẹni tí ó jẹ àlùbọ́sà tútù tàbí áyù, a ní kí ó jìnnà sí mọ́sálásí. Nígbà tí Ànábì sì fẹ́ fi ọ̀rẹ́ rere wé nǹkan, ẹni tí ń ta mísìkì ni ó fi wé: bóyá yóò ta ọ́ lọ́rẹ, bóyá ìwọ yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, bí méjèèjì kò bá sì ṣeé ṣe, òórùn dídùn ni ìwọ yóò bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo iyì tí a fi fún iṣẹ́ yín, ẹ̀yin tí ń ta lọ́fíńdà! Ṣùgbọ́n bí oní-mísìkì fúnra rẹ̀ bá ń purọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lọ́fíńdà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí oníbàárà lè mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un. Lọ́fíńdà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá da bẹntiróòlù àti epo pupa sí ara aṣọ kan, gbogbo wa ni a mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ. Bákan náà ni ohun tí ó fúyẹ́ nínú lọ́fíńdà ṣe ń tètè fò lọ: òórùn èèpo ọsàn, ti atalẹ̀, ti ata dúdú. Àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pàdé imú, láàrin ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n ti ń dágbére. Lẹ́yìn wọn ni àárín yóò jáde, róòsì, jásímínì àti kànáfùrù, èyí tí í bá ènìyàn dé wákàtí mélòó kan. Ìsàlẹ̀ ni sàńdálì, úùdù, ánbárì àti mísìkì wà. Àwọn wúwo, wọn kì í yára. Nígbà tí a bá ká agbádá Jímọ̀ sínú àpótí tí a sì tún ṣí i lọ́jọ́ Àìkú, òórùn ìsàlẹ̀ yìí ni a ń bá níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Òǹtajà yóò kán òróró sí ọwọ́ rẹ, ìwọ yóò gbé e sí imú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orí rẹ yóò wú, owó yóò sì jáde. Ohun tí o san owó lé lórí ni apá tí yóò kọ́kọ́ sá lọ. Ìsàlẹ̀ tí ó mú kí ó wọ́n, ìwọ kò tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òróró lásán ni ó wà nísàlẹ̀, ilé ni ìwọ yóò ti mọ̀.

Ẹ tún gbọ́ nípa iye owó. Kí a tó rí kìlógíráàmù 1 òróró róòsì pọ́ńbélé, ewé òdòdó rẹ̀ tí ó lé ní kìlógíráàmù 3,000 ni a óò sè. Úùdù wá láti ara igi Aquilaria tí ń hù ní ilẹ̀ Éṣíà, láti Íńdíà títí dé Indonesia. Igi náà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní òórùn kan tí ó níyelórí. Ìgbà tí ó bá fara gbọgbẹ́ tí olú wẹ́wẹ́ sì wọ inú ọgbẹ́ náà ni ó máa ń yọ oje dúdú tí à ń wá. Wọ́n gé igi yìí gé e, débi pé láti ọdún 2005 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ká gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, a kò lè gbé e kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Mísìkì ti àtijọ́, ara akọ ẹranko kékeré kan tí ó jọ àgbọ̀nrín ní àwọn òkè Éṣíà ni wọ́n ti ń mú un, wọ́n sì ń pa á nítorí rẹ̀. Ní 1888, ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Albert Baur ń wá ohun ìjà tí í bú gbàmù, ohun tí ó rí ni òórùn tí ó jọ mísìkì. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe mísìkì, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, mo dúró nídìí àtẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Tẹ̀sùbáà, fìlà àti bùtá wà níwájú rẹ̀, ìgò wẹ́wẹ́ sì tò lọ súà. Ó ń fi Wàláhì búra fún awakọ̀ kan pé úùdù pọ́ńbélé ni ìgò mílílítà 6, iye tí ó sì pè é kò ju owó abọ́ ìrẹsì méjì pẹ̀lú ẹran lọ. Awakọ̀ náà rà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo bi òǹtajà náà léèrè bí ó bá mọ igi tí wọ́n gé fún owó yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààfáà, bí mo bá sọ pé àdàlù ilé-iṣẹ́ ni, ta ni yóò rà á? Oríṣìí kan náà ni gbogbo wa ń tà, èmi nìkan ni kí ebi wá pa?"

Èmi kò fojú kéré ìbéèrè rẹ̀. Ọmọ olóhun ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ń bà á kò nídìí, mo sì ní ẹ̀rí méjì. Èkíní, àfarawé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ńlá nì, al-Kindi, tí ó gbé ní Baghdad tí ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 873, kọ ìwé lórí bí a ti ń po òórùn dídùn àti bí a ti ń sè é. Ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà ni ó kọ síbẹ̀, ó sì fi bí a ṣe lè ṣe irọ́pò àwọn ohun ọ̀wọ́n kún un. Mùsùlùmí ni ó kọ ọ́, kò sì fi pamọ́. Irọ́ tí a pa mọ́ ọn ni ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì, ẹ rántí Bint el Sudan. Ní 1920, ní Khartoum, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Eric Burgess, òṣìṣẹ́ W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù, ni ó po òróró náà, láìsí ọtí nínú rẹ̀, jásímínì lókè, mísìkì nísàlẹ̀. Àwọn oníṣòwò gbé e rìn káàkiri ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán ọmọge tí ó wà lára ìgò rẹ̀ kò bo ara tó, èmi kò ní yìn ín. Ṣùgbọ́n ìgò kì í bá ènìyàn wọ mọ́sálásí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò fi úùdù pe ara rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́, tọkùnrin tobìnrin sì rà á fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó tà, kò sì búra.

Hàdíìsì ti Ànábì àti òkìtì ọkà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Sábó: ó ki ọwọ́ bọ inú ọkà ní ọjà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó ní kí a gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ oníjìbìtì kúrò lára àwọn tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkà nígbà náà, ìsàlẹ̀ lọ́fíńdà nísinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó kìlọ̀ pé ìbúra a máa jẹ́ kí ọjà yá, ṣùgbọ́n a máa nu ìbùkún ọjà náà dànù.

Lórí èyí tí ó ní ọtí nínú, tí à ń fín bí ìrì, ẹnu àwọn àlùfáà kò kò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, òróró ń bẹ. Ẹ ṣọ́ra fún òróró kànáfùrù tí a kò là, nítorí ó ń jó ara. Òróró èèpo àwọn ọsàn kan sì wà tí oòrùn bá pàdé rẹ̀ lára, á fi àpá dúdú síbẹ̀. Ẹ fi sí abẹ́ aṣọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí òǹtajà lẹ bébà kékeré mọ́ ìgò, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá àdàlù ni tàbí pọ́ńbélé. Bí ó bá jẹ́ pé òun náà kò mọ̀, kí ó sọ pé òun kò mọ̀, kí ó sì ta á ní iye ohun tí a kò mọ̀. Kí àwọn lèmọ́mù Sábó méjèèjì mẹ́nu bà á nínú wáàsí. Kí oníbàárà náà yé béèrè úùdù pẹ̀lú owó ẹ̀pà, nítorí ẹni tí ó béèrè irọ́ ni wọ́n ń ta irọ́ fún. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ti Jímọ̀ tí ń bọ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ Alámìísì lẹ́yìn Àyìlá, ẹ ní kí ó kán ẹyọ kan sí yín lọ́wọ́, ẹ má sanwó. Ẹ ra ẹran yín, ẹ ra àlùbọ́sà yín, ẹ kí àwọn ènìyàn yín. Bí ẹ bá kírun Àláásárì tán, ẹ gbé ọwọ́ náà sí imú, kí ẹ tó padà lọ bá a dúnàádúrà.