Ẹ̀jẹ̀ mi ti dáa, èmi ńkọ́?

1/
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Lóṣù tó kọjá, dókítà wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ẹ̀ ti wà bó ṣe yẹ kó wà. Mọ́mì mi bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́ níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá tán ni mo bú sẹ́kún.

2/
Mọ́mì ní, "Kí ló dé? Ṣé wọn ò ní ara ẹ ti yá ni?" Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ti yá. Èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì ń wá ara mi kiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn: ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú thyroid, ọkàn ẹ̀ wà lára ohun tó ń ṣàìsàn, ó sì yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ìyẹn náà.

3/
Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: thyroid jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Òun ló ń ṣe họ́mónù tó ń sọ fún ọkàn, ìfun, ọpọlọ àti gbogbo ara bí wọ́n ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Tó bá wú, òun làwọn àgbà ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Tèmi ni Graves' disease: àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń ti thyroid mi pé kó má sinmi. Àwa obìnrin ló ń ṣe jù.

4/
Ọdún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré kan lápá Òkè-Ògùn ni wọ́n gbé mi lọ, mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ìṣirò. Mò ń jẹun ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, síbẹ̀ mò ń rù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ṣọ́ọ̀kì ń já bọ́. Lóru, àyà mi á máa lù kìkìkì bí ẹni tí ajá ń lé. Mo gbé fọ́tò sórí Instagram, wọ́n ní, "Babe, o ti fit gan-an! Kí ni àṣírí ẹ?" Àṣírí mi ni pé mò ń ṣàìsàn, èmi náà ò sì mọ̀.

5/
Ìbínú wá tẹ̀ lé e. Kì í ṣe irú ìbínú tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan náà ní lodge àwọn kọ́pà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀wà tí mo ní kó bá mi máa wò lórí iná jóná. Ẹ̀wà lásán o! Mo pariwo lé e lórí títí àwọn ará ilé fi jáde, mo sì fi ìyá ẹ̀ tó ti kú bú u. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi kó ẹrù ẹ̀.

6/
Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ wo ọrùn mi. Wọ́n ní mo ti ya òǹrorò. Ẹnì kan ní ẹ̀mí ìbínú ni, ó gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, mò ń mu omi lábẹ́ igi ní ọgbà ilé ìwé, ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wa wò mí lọ́rùn. Ó ní, "Ọmọ mi, dúró ná. Tún mu omi yẹn kí n rí i. Gẹ̀gẹ̀ ló ń yọ sí ẹ lọ́rùn yìí o. Lọ sí ọsibítù." Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ìyá yẹn.

7/
Nígbà tí èsì jáde, ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Inú mi dùn pé mo ní àrùn! Dókítà ní ìbínú, àìróorunsùn, ìpáyà, gbogbo ẹ̀ wà lára àmì ẹ̀. Mo ní háà, kì í ṣe èmi! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ WhatsApp gígùn sí ọ̀rẹ́ mi, mo ṣàlàyé thyroid látòkè délẹ̀, mo tún fi àwòrán kún un. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì: "Mo ti kà á. Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn. Ṣùgbọ́n o ò tíì bẹ̀ mí."

Màá padà síbí yìí.

8/
Wọ́n kọ carbimazole fún mi, pẹ̀lú propranolol tó ń mú kí àyà rọlẹ̀, kí ọwọ́ má gbọ̀n mọ́. Carbimazole ò lè ṣe nǹkan kan sí họ́mónù tó ti wà nílẹ̀. Èyí tí thyroid ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe ló ń dí lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó balẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lò ó fún oṣù 12 sí 18. Àrùn náà sì lè padà wá lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á máa sọ ti iṣẹ́ abẹ tàbí radioiodine. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ bí ọkàn mi ṣe máa rí láàárín oṣù 18 yẹn.

9/
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìsanra. Kílò 47 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo ti wọ̀n 66. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àǹtí mi, tí wọ́n ti rán sílẹ̀, kò wọ̀ mí mọ́. Wọ́n tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n lẹ aṣọ míì mọ́ ọn. Mo dé òde, wọ́n ní, "Ẹ wò ó bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀! Ta ló ń bọ́ ẹ?" Nígbà tí àìsàn ń jẹ mí lára, wọ́n ń yìn mí. Nígbà tí ara mi ń yá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn kánópì, mò ń rò ó pé ara wo gan-an ni tèmi.

10/
Lẹ́yìn náà, oògùn wá pọ̀ jù fún mi. Thyroid tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá di èyí tó ń wọ́ nílẹ̀. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn Ìbàdàn. Màá sùn wákàtí mẹ́wàá, màá jí bí ẹni tí wọ́n nà mọ́jú. Mo lè dúró ti abọ́ tí mi ò tíì fọ̀, kí n máa sunkún. Mi ò mọ̀ pé àmì ni. Mo rò pé ọ̀lẹ ni mí, àti pé aláìmoore ni mí. Ṣebí gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé, "Máa dúpẹ́, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

11/
Mo wá ṣe ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dá oògùn dúró. Láràárọ̀, Mọ́mì á ní, "Ṣé o ti lò ó?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń kó o sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara mi fúyẹ́, mo ní mo gbọ́n ju dókítà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù lóru, mi ò lè mí dáadáa. Aago mẹ́ta òru ni Mọ́mì gbé mi lọ sọ́sibítù, ìró tó fi sùn ló ṣì ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé. Tí họ́mónù yẹn bá ru bo ara pátápátá, ó lè pa ènìyàn.

12/
Mo rò pé dókítà á fi ìbínú lé mi jáde. Ó kàn fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé inú ẹ bà jẹ́ tó báyìí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ni, mà."

Torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

13/
Ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Tó o bá lè sọ fún dókítà pé ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, sọ fún un pé ò ń sunkún láìnídìí. Sọ fún un pé o fẹ́ lu àbúrò ẹ torí ó jẹ mínrín ẹran kan. Họ́mónù kan náà ló wà nídìí ẹ̀. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ẹkún mi ni, wọn ì bá ti tètè dín oògùn mi kù. Mo fi pamọ́ torí pé ojú ń tì mí. Nínú gbogbo àṣìṣe mi, èyí ló dùn mí jù.

14/
Ní báyìí, mo ní ìwé kékeré kan. Lálẹ́, ohun mẹ́ta ni mò ń kọ síbẹ̀: wákàtí tí mo sùn, ẹni tí mo jágbe mọ́, bóyá mo sunkún. Ìlà kan péré. Tí mo bá dé iwájú dókítà, màá kà á jáde. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀, dátà ò sì lọ sí i.

15/
Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni họ́mónù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sunkún nínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí èsì dáa. Lọ́jọ́ kejì, mo pe àwọn dókítà, mo sọ bó ṣe ń ṣe mí. Wọ́n ní ọkàn máa ń pẹ́ kó tó bá ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n sì darí mi sí ẹni tó ń rí sí ìlera ọpọlọ. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ya wèrè. Ọdún méjì tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni mò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.

16/
Àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn Gail Devers ránṣẹ́ sí mi. Eléré ìje ọmọ Amẹ́ríkà ni, Graves' ló ṣe òun náà. Ó tó bí ọdún méjì tí ara ẹ̀ fi ń dà á láàmú kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é ní 1990. Ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ẹ̀. Ní 1992, ó gba wúrà nínú ìje mítà 100 ní Òlíńpíìkì Barcelona, ó tún gbà á ní Atlanta ní 1996.

17/
Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí èmi náà dìde. Èmi ṣì ń ro ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun, ara ń kọ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó lè sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Báwo ló ṣe ń sùn? Kí ló ń sọ fún ara ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó rẹ̀ wá ná, kẹ́ ẹ tó bi wá ní wúrà.

18/
Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká wò ó dé ọkàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rírù àti sísanra sílẹ̀. Ẹ má bi wá pé, "Ṣé kò tíì tán ni?" Ẹ bi wá pé, "Báwo lo ṣe sùn?" Mọ́mì mi ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá béèrè oògùn, wọ́n á ní, "Ọkàn ńkọ́?" Lọ́jọ́ míì, màá ní, "Kò dáa, mà." Wọ́n á ní, "Mo gbọ́." Wọn ò ní ní kí n dúpẹ́. Wọ́n á lọ dín dòdò.

19/
Ohun méjì kí n tó gbàgbé. Àkọ́kọ́: tó o bá ń lo carbimazole, tí ọ̀fun ń dùn ẹ́, tí ara sì ń gbóná, má sọ pé ibà lásán ni. Dá a dúró, kó o lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn náà lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Yàtọ̀ sí irú pàjáwìrì bẹ́ẹ̀, má fi ọwọ́ ara ẹ dá a dúró.

20/
Ìkejì: àwọn tó ń ta áyódíìnì àti ewéko inú òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń wo gbogbo gẹ̀gẹ̀, ẹ sá fún wọn. Gẹ̀gẹ̀ tí àìtó áyódíìnì ń fà wà lóòótọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi sí iyọ̀ wa ní Nàìjíríà láti 1993. Graves' kì í ṣe irú ẹ̀. Àfikún áyódíìnì lè dá kún tiwa ni.

21/
Mo ní màá padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ẹlòmíì á ní, "Tó bá jẹ́ àìsàn ló fà á, kí lo tún ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ó lé lọ́dún kan. Mo ti yí èrò padà. Thyroid ló gbé ohùn mi sókè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n etí ọ̀rẹ́ mi ló gbọ́ ọ, ìyá tiẹ̀ ló sì kú. Àìsàn lè bá mi ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Kò lè bá mi bẹ̀bẹ̀.

22/
Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fi voice note ránṣẹ́ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò dárúkọ thyroid rárá. Mo ní, "Mo bú ìyá ẹ. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú." Mo rí i pé ó ti gbọ́ ọ. Kò tíì fèsì. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ó ṣì ń wo status mi ṣá.

23/
Tó o bá ń lo oògùn thyroid, tàbí ẹnì kan nílé yín ń lò ó, wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Má tíì sọ èsì àyẹ̀wò ẹ fún wa. Kọ́kọ́ sọ bó o ṣe sùn lánàá.