Ìmọ̀ Tí A Kò Lè Sọ Nílé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní yunifásítì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti wọlé, ẹ gbọ́. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó wà hàn yín.

Àìlégún, ní ìhà Ìsọlọ̀ ní ìlú Èkó, ni mo ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń wọ dánfó lọ sí Òṣòdì, kí n tó wọ òmíràn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Omi kànga àdúgbò wa ni mo ṣe ìwádìí lé lórí. Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní E. coli, èyí tí oníṣègùn Theodor Escherich ṣàwárí ní ọdún 1885, ni mo ń wá nínú rẹ̀. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ibùgbé rẹ̀. Bí a bá rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a kò gbọdọ̀ rí ẹyọ kan nínú 100 mílílítà omi mímu.

Ìgbéraga ni kòtò àkọ́kọ́. Mo tijú láti bi àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣòfò kí bàbá tó ń fọ ìgò níbẹ̀ tó fi hàn mí pé ọṣẹ tí n kò ṣàn dáadáa kúrò lára ìgò ló ń pa kòkòrò mi. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ mọ́jú, ẹ̀rọ tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n ooru 37 tutù, gbogbo àyẹ̀wò bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n kọ iye tó bá wù mí sílẹ̀. N kò gbà. Mo padà lọ fa omi mìíràn. Ẹni tó pa irọ́ sínú ìwé ìwádìí, ẹni tó ń mu omi náà ló pa á fún.

Ṣùgbọ́n kòtò tó jìn jù wà nínú ọgbà ilé wa. Mo rí kòkòrò náà nínú kànga wa, mo sì fi Yorùbá tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì lú sọ ọ́ fún ìyá onílé. Ó rẹ́rìn-ín: "Omi kò lọ́tàá, ọmọ mi." Wọ́n ń mu ún lọ. Láìpẹ́, ìgbẹ́ gbuuru gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dè. N kò lè búra pé kànga ló fà á, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní: "Màmá, ṣaláńgá wa kò jìnnà sí kànga. Bí òjò bá rọ̀, ohun tó wà nínú ṣaláńgá ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa se omi náà kó hó kí ẹ tó mu ún."

Ó dákẹ́ títí. Ó ní: "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè yẹn le ju èyíkéyìí tí àwọn olùkọ́ bi mí lọ. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ wọn. Ìjọba lè fagi lé ìlànà. Kò lè dí wa lẹ́nu nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń fọ ìgò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tó wù yín. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín fún olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ìyá yín. Bí kò bá yé e, ó ṣeé ṣe kó má tíì yé ẹ̀yin náà.